Òkúta Tí Mo Fi Iná Kí

Imú mi ń gbóòórùn wúrà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí eyín ṣì pé lẹ́nu mi, wọ́n fi aṣọ dúdú di ojú mi lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo, wọ́n yí mi po lẹ́ẹ̀méje, wọ́n ní kí n máa lọ. Imú ni mo tẹ̀lé. Mo rìn kọjá Iléṣà, mi ò kọsẹ̀, mi ò béèrè ọ̀nà, àfìgbà tí mo dé abẹ́ igi kòkó kan ní Ipẹ́rindó. Mo ní, "Ẹ gbẹ́ ibí." Wọ́n gbẹ́ ẹ. Wúrà tó tó orí ewúrẹ́ ni wọ́n bá níbẹ̀, ó sì ti hu ìwo méjì. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi igi kòkó náà.

Nítorí imú yìí ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Ráfíù Onímú. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni mí. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi ṣe é kí n tó kó irinṣẹ́ sínú àpò sìmẹ́ńtì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láyé, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ dípò kí n máa jókòó síta pa irọ́ fún gbogbo àdúgbò. Mo ní ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Ó ní, "Bàbá Onímú, irọ́ kò nílò ìwé mẹ́fà." Ẹnu rẹ̀ mú, ọkọ rẹ̀ ń jìyà. Mo bá ra ìwé àkọsílẹ̀.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gba àlàyé. Bàbá mi fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Jíńádù, ó ní, "Ẹran ara rẹ̀ ni tiyín, egungun rẹ̀ ni kí ẹ dá padà fún mi." Owó tí wọ́n bá ara wọn sọ, mi ò gbọ́, ẹ̀yin náà ẹ má béèrè. Wúrà kò sọ mí di olówó. Ó gba ọwọ́ mi kọjá bí omi ṣe ń gba inú ajere kọjá.

Bàbá Jíńádù, ọ̀gá mi, ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n èéfín èédú ti sọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ di àwọ̀ tábà. Kì í pariwo. Ọ̀gá tó ń pariwo, èèyàn lè sá fún un. Èyí tó ń rọra sọ̀rọ̀, o ní láti sún mọ́ ọn kí o tó gbọ́, ibẹ̀ sì ni ẹ̀mú rẹ̀ ti máa fún ẹ létí.

Òfin rẹ̀ pọ̀ ju ti ìjọba lọ. Ọmọṣẹ́ kò gbọdọ̀ wọ aṣọ tó lápò. Ọmọṣẹ́ kò gbọdọ̀ dá irun sí, nítorí lẹ́búlẹ́bú wúrà máa ń fara pa mọ́ sínú irun. Ọdún mẹ́rin ni orí mi fi dán bí ẹyin, tí àwọn ọmọbìnrin Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ń ti ọ̀nà jíjìn kí mi pé, "Òṣùpá, ẹ káàárọ̀." Bí o bá fẹ́ lọ sílé, wàá fọ ọwọ́ sínú agbada kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wàá gbọn èékánná rẹ sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń da omi agbada yẹn nù. Níparí oṣù, ọ̀gá á sẹ́ ẹ bí ẹni sẹ́ ògì, á sá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ gbẹ, á yọ́ ọ, wúrà tó tó ojú abẹ́rẹ́ á sì jáde. Á gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, á ní, "Ẹ wo olè tí ẹ fẹ́ jà láìmọ̀."

Ọdún kìíní, ilẹ̀ ni mo ń gbá. Ọdún kejì, ẹwìrì ni mo ń fẹ́. Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi rán ẹwìrì yẹn, ewúrẹ́ náà sì lágídí débi pé bí a bá ti fún awọ rẹ̀, á ké "mẹ̀ẹ́." Lọ́jọ́ Iléyá ni kì í jẹ́ ká ṣiṣẹ́ rárá. Ọdún kẹta ni ọ̀gá tó jẹ́ kí n di ọmọ owú mú. Ó kó ìka mi sínú ọwọ́ tirẹ̀, ó ní, "Má lù ú bí ẹni tí inú ń bí. Wúrà mọ ẹni tí inú ń bí."

Ọdún yẹn náà ló kọ́ mi ní òkúta àti ìlẹ̀kẹ̀. Sẹ̀gi ló gba àkókò jù. Gbogbo yín mọ sẹ̀gi, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró tí àwọn ọlọ́lá ń so mọ́rùn. Ọ̀gá ní gíláàsì ni, pé inú iná ni àwọn àgbà Ifẹ̀ ti bí i, iná kì í ṣe àjèjì sí i. Bí a bá fẹ́ fi iná jó wúrà mọ́ ẹ̀bá sẹ̀gi, a ó po amọ̀ tútù láti etí odò, a ó fi bo ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ooru lè máa rọra wọlé bí àlejò tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Bí wúrà bá ti jó pọ̀ tán, a fọ amọ̀ kúrò, sẹ̀gi á sì jáde bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n ṣe débi pé àwọn alágbẹ̀dẹ mìíràn ń wá wo ọwọ́ mi. Ọgbọ́n yẹn gan-an ló ba ayé mi jẹ́.

Ọ̀gá fi ọ̀rọ̀ kan lé e pé, "Òkúta tí o kò bá mọ orúkọ rẹ̀, má fi iná kí i." Mo ní, "Mo gbọ́, sà." Etí ni mo fi gbọ́ ọ.

Nígbà tó ku oṣù méjì kí n gba ìyọ̀ǹda, ìyàwó ọ̀gá réluwéè kan tó ti fẹ̀yìntì wá sí ìsọ̀ wa. Ìyá Réluwéè ni gbogbo wa ń pè é. Ẹni tí kò bá mọ ìyọ̀ǹda, ọjọ́ tí ọ̀gá máa tú ọmọṣẹ́ sílẹ̀ ni. Á gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́ níṣojú àwọn alágbẹ̀dẹ yòókù, á sì gbàdúrà fún un. Àwọn kan rò pé irinṣẹ́ ló ṣe pàtàkì. Irinṣẹ́ wà ní ọjà. Àdúrà yẹn ni kò sí lọ́jà. Ẹni tí ọ̀gá kò bá tú sílẹ̀ kò lè tú ẹlòmíì sílẹ̀, kò lè gba ọmọṣẹ́, ẹ̀yìn ni á sì máa jókòó sí ní ìpàdé ẹgbẹ́ títí ó fi máa kú.

Ìyá Réluwéè tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó yọ ẹ̀gbà ọwọ́ kan. Mo ti rí wúrà, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Òkúta wẹ́wẹ́ bíi hóró àgbàdo ni wọ́n tò sára wọn lórí wúrà, láìsí àyè tí irun orí lè gbà kọjá. Àwọ̀ ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò ni òkúta náà. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́ sí i láti Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ náà kú síbẹ̀, wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Ìyá náà kò rí sàréè bẹ̀ wò. Ẹ̀gbà ọwọ́ yìí ló ń bẹ̀ wò láràárọ̀. Ìkọ́ tí wọ́n fi ń há a ló já.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ọ̀gá yí ẹ̀gbà náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó dúró kí ìyá náà lọ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Orúkọ òkúta yìí kò sí lẹ́nu mi," ó ní. "Mo máa bi Alfa tó ti dé Mẹ́kà léèrè ní mọ́ṣáláṣí. Ráfíù, má fọwọ́ kàn án títí màá fi dé."

"Ṣebí sẹ̀gi ni, Ọ̀gá."

"Sẹ̀gi ló sọ fún ẹ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọ̀ rẹ̀ ni, sà."

"Ejò náà jọ okùn." Ó gbé ẹní ìkírun rẹ̀ lé èjìká, ó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, kí ẹ lè mọ bí òmùgọ̀ ṣe máa ń gbọ́n. Mo rò pé bí ọ̀gá bá dé tó bá a pé mo ti tún un ṣe, á sọ fún gbogbo àwọn alágbẹ̀dẹ lọ́jọ́ ìyọ̀ǹda mi. Mo gbé òkúta náà sójú oòrùn. Sẹ̀gi, bí o bá gbé e sójú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá, àwọ̀ rẹ̀ á sì yí sí ti ewé. Èyí kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Mo rí i. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rí i. Mo ní bóyá ìdọ̀tí ló dí i.

Mo po amọ̀ tútù, mo fi bo àwọn òkúta náà dáadáa, bí ọ̀gá ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́. Mo mú ọ̀pá oníhò tí a fi ń fẹ́ iná, mo fẹ́ iná sí ìdí ìkọ́. Wúrà yọ́, ó sì jó pọ̀. Inú mi dùn. Ìgbà náà ni mo gbọ́ nǹkan nínú amọ̀: pó. Ó tún ṣe pó, pó, bí àgbàdo tí wọ́n ń yan.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà, tí mo ti fi gbogbo ayé mi mọ̀ báyìí, ni pé òkúta yẹn ń mu omi. Gíláàsì kì í mu omi. Òkúta yẹn ti mu omi amọ̀ mi yó, iná wá ká omi mọ́ ọn nínú. Nígbà tí mo fọ amọ̀ kúrò, ojú ọ̀run ti di àwọ̀ ọbẹ̀ ilá àná. Èyí tí kò là, dúdú. Èyí tí kò dú, ó ti fò dànù. Méjì bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi.

Ọ̀gá dé. Ó wò ó, ó wò mí. Kò gbé ẹ̀mú. Ó tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ó jókòó lé e, ó sì ní, "Alfa ní òkúta ilẹ̀ ni, pé kì í fẹ́ ooru."

Ìyá Réluwéè padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti ń ṣí ẹnu láti sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀gá dá mi lọ́wọ́ kọ́. "Ọwọ́ mi ló ṣe é, Ìyá," ó ní. "Mo kánjú."

Obìnrin náà gbé ẹ̀gbà náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi ìka kan tọ́ ọ bí ẹni ń tọ́ ojú ọgbẹ́. Kò pariwo, kò ṣépè. Ó ní, "Jíńádù, ẹ̀ẹ̀kejì tí ọmọ mi kú rèé." Ó dì í padà sí ìdí aṣọ, ó lọ. Kò tún gba iwájú ìsọ̀ wa kọjá títí ó fi re ibi àgbà ń rè. Àwọn ará àdúgbò ní ojú Bàbá Jíńádù ti ń ṣú, pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ, kò dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni.

Oṣù méjì pé. Mo fá orí, mo wọ aṣọ funfun, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Dìde," ó ní. "Mi ò bínú sí ẹ. Ṣùgbọ́n àdúrà tí kò sí lọ́kàn mi, mi ò lè fi ẹnu gbà á. Ọjọ́ tí o bá gbé òkúta yẹn padà fún mi, ọjọ́ náà ni màá gbàdúrà fún ẹ."

"Ọ̀gá, níbo ni mo ti máa rí i?"

"Ibi tí o ti rí ọgbọ́n tí o fi bà á jẹ́."

Mo ṣa òkúta méjì tó bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo dì wọ́n sínú ọ̀rá, mo sì kó lọ sí Iléṣà. Èmi tí wọn kò gbà láyè àpò fún ọdún mẹ́rin, mo rán àpò sí gbogbo aṣọ mi, àwọn òkúta yẹn ló sì ń gbé inú rẹ̀.

Ní Iléṣà, iṣẹ́ wà. Mo máa ń lọ sí Ipẹ́rindó lọ ra lẹ́búlẹ́bú wúrà lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọkọ́ kan náà gbin ẹ̀gẹ́, tí wọ́n sì fi ń wa wúrà. Obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé "ulé" ló ń pe ilé, tí kì í sì jẹ́ kí n fi imú mi yangàn. Á ní, "Ráfíù, bí imú rẹ bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ tiwa lo máa ń wá rà?" Màá ní imú mi ń sinmi. Á ní, "Ẹnu rẹ ńkọ́, ìgbà wo ni tiẹ̀ máa sinmi?"

Ṣùgbọ́n ní ìpàdé ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà, ẹ̀yìn, lẹ́bàá ọ̀nà, ni àga mi. Àwọn ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù ń gba ọmọṣẹ́, wọ́n ń tú wọn sílẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà. Bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ wá fún mi lẹ́ẹ̀kan. Alága ẹgbẹ́ bi mí níṣojú wọn pé, "Ta ló tú ìwọ sílẹ̀?" Ọmọ yẹn ti di ọ̀gá ńlá ní Òṣogbo báyìí, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló sì ti kọ́ ọ. Mi ò ní ọmọṣẹ́ kankan láyé mi. Ohun tí ọ̀gá mi fi sí ọwọ́ mi, èmi ni yóò bá wọ ilẹ̀.

Irinṣẹ́ ń yí padà, ẹgbẹ́ wa ń dín kù. Ẹwìrì kú, gáàsì jọba. Èso wẹ́rẹ́njẹ́jẹ́ olójú dúdú ni a fi ń wọn wúrà nígbà tiwa. Báyìí, ìwọ̀n onínọ́ńbà ni. Òótọ́ ló ń sọ, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n mi ò rí ìwọ̀n tó ń fún ọmọṣẹ́ létí rí. Lẹ́yìn náà ni bàbà tí wọ́n fi wúrà kùn dé láti òkè òkun. Bí òjò bá pa ẹni tó wọ̀ ọ́, bàbà ló máa gbé délé. Àwọn oníbàárà mi ní ó dán ju tèmi lọ. Òótọ́ ni. Irọ́ máa ń dán, ẹ bi mí. Ní ọ̀nà Ipẹ́rindó náà, katakata ti rọ́pò ọkọ́, wọ́n ti sọ àwọn odò kéékèèké di ẹ̀kọ amọ̀, àní omi Ọ̀ṣun tí mo ti ń bu amọ̀ mímọ́ ti pọ́n débi pé ẹ kò ní mọ èwo ni omi, èwo ni amọ̀.

Òyìnbó ará Amẹ́ríkà kan ló sọ orúkọ òkúta mi fún mi. Ó wá wo Òṣogbo lásìkò ọdún Ọ̀ṣun, èmi náà sì wálé wá wo àwọn ẹbí mi. Mo yọ àwọn òkúta jíjó náà hàn án. Ó wò wọ́n títí, ó sì fi ahọ́n kan ọ̀kan nínú wọn. Arákùnrin tó ń mú un kiri ló ń túmọ̀ fún wa. Ó ní tọ́kọ́ìsì ni wọ́n ń pè é. Ó ní bí mo ṣe júwe ìtò rẹ̀, iṣẹ́ àwọn Súnì ni, ẹ̀yà kan tó ti wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó débẹ̀, tí bàbá ń kọ́ ọmọ, tí ọmọ ń kọ́ ọmọ ọmọ. Fàdákà ni wọ́n sábà máa ń lò. Ti wúrà ṣọ̀wọ́n.

Mo ní, "Ẹ bi í bóyá wọ́n máa ń gba ìyọ̀ǹda."

Wọ́n bi í. Ó ní òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n òun rò pé ó ní láti wà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di ọdẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti òkè òkun dé, màá lọ kí i, ojú mi á sì máa wo ọrùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Wọ́n lù mí nítorí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo tú àpótí àwọn opó wò, mo tú ẹrù òkìrìkà wò. Àwọn tó ti Mẹ́kà dé mú òrùka olókùúta búlúù wá fún mi, òkúta náà jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ṣe é kì í ṣe ọwọ́ Súnì. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ayédèrú. Fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kàn án, bí ó bá rùn bí ike, ike ni. Rẹ òwú sínú omi tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná, kí o fi nù ún, bí òwú bá di búlúù, òkúta funfun tí wọ́n pa láró ni. Àpótí mi kún. Mo ní yẹtí Súnì méjì tó jẹ́ ojúlówó, fàdákà ni méjèèjì. Mo ní òrùka kan tí òkúta rẹ̀ kéré bí ojú ẹja. Àwọn èèyàn ń sọ pé Ráfíù ti fẹ́ àpótí níyàwó. Mi ò rí èyí tó jẹ́ wúrà.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn iná yẹn, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà kí n wá tún yẹtí tíṣà àgbà kan ṣe. Màmá Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Ó ti fẹ̀yìntì tipẹ́, ṣùgbọ́n bí o bá jókòó gbun níwájú rẹ̀, á ní kí o tọ́ ẹ̀yìn rẹ. Ó gbé àpótí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ jáde. Ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò ló wà nínú rẹ̀, lórí wúrà, ẹ̀gbà ọwọ́ tí òkúta rẹ̀ tò bíi hóró àgbàdo. Kò sí orúkọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà Súnì kì í kọ orúkọ.

"Obìnrin Amẹ́ríkà kan tí a jọ kọ́ni nílé ìwé kan náà ló fún mi nígbà tó ń lọ," ó ní. "Kí ló ń ṣe ẹ́ tí o fi ń wò ó bẹ́ẹ̀?"

"Màmá, ẹ tà á fún mi."

"Mi ò tà."

Mo bá jókòó sílẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí amọ̀ dé orí Ìyá Réluwéè. Mi ò fi imú mi sí i. Òun ni ẹni kìíní tí mo sọ ọ́ fún bó ṣe rí.

Ó ní, "Ọ̀gá rẹ ṣì wà láàyè?"

"Ó wà, Mà. Iná ti mú ojú rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó wà."

"Bí mo bá fún ẹ, ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ rẹ̀ tààrà, Mà."

"Kì í ṣe inú àpótí rẹ?"

"Wọ̀láì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Wọ̀láì tiyín yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Fi iṣẹ́ rẹ búra."

"Mo fi iṣẹ́ mi búra, Mà."

Ó gbé e fún mi. Kò gba kọ́bọ̀.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀gá jókòó lórí ẹní níwájú ilé rẹ̀, ojú rẹ̀ funfun bí ìkarahun. Mo gbé ẹ̀gbà náà sí i lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò tọ́ òkúta kọ̀ọ̀kan. Ó fi ahọ́n kàn án. Ó ní, "Ó ń mu itọ́." Ó ní, "Ráfíù, orí fífá rẹ ńkọ́?" Mo ní ó ti hu ewú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ owú òun wá, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì gbàdúrà fún mi, àdúrà gígùn tí gbogbo ilé ń ṣe àmín sí. Ó dárúkọ mi, ó dárúkọ bàbá mi, ó sọ pé ohun tí mo bá fọwọ́ kàn kò ní bàjẹ́ mọ́. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Mo ti sọ ọ́ níwájú ilé mi láìmọye ìgbà, àwọn obìnrin sì máa ń fi ìdí ìró nu ojú. Obìnrin aládùúgbò mi ka ibi tí mo kọ ọ́ dé yìí, ó ní, "Bàbá, ibí yìí ló dùn jù." Ó dùn, nítorí èmi ni mo ṣe é.

Ti imú, ẹ ti mọ̀ fúnra yín. Ti ewúrẹ́ tó ń ké, ẹ ti mọ̀. Iná jẹ́ òótọ́, ọ̀rọ̀ Ìyá Réluwéè jẹ́ òótọ́, Màmá Tíṣà fún mi ní ẹ̀gbà náà lóòótọ́, mo sì búra. Àdúrà ni mo hùmọ̀. Ọ̀gá mi kò gbàdúrà fún mi. Mi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ dé Òṣogbo lóòótọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ dé ilé bàbá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí n fi aṣọ nù ún. Mo nù ún. Mo gbé e sójú oòrùn. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi wá a, ó sì wà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ mi kò gbà láti ṣí. Mo ní ọ̀la. Mo ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Mo ní afọ́jú ni, kí ló máa fi ṣe? Ọdún kan àti oṣù mélòó kan ni ọ̀gá mi tún gbé láyé lẹ́yìn ìgbà náà, ilé rẹ̀ sí ilé bàbá mi kò ju ibi tí arúgbó á fi dúró sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ. Níbi fídáù rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ fún mi pé ó máa ń béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Ráfíù kò tíì wá?"

Láti ọjọ́ náà, mi ò jó wúrà mọ́. Ẹ̀gbà náà wà nínú àpótí mi. Àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà.